Gbólóhùn Kání àti Owó Ìtanràn Yorùbá

Àwọn olóòtú ní kí a kọ nǹkan nípa ìgbà èwe wa nínú ọgbà yìí, a sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń retí ni ìtàn ẹ̀wà tí kò jinná, agogo ìdájí, àti ọ̀gá ilé tí ó fẹ́ràn pàṣán. A ó sọ díẹ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà nílẹ̀ tí ó ju ìrántí lọ. Ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ tí ó kẹ́yìn, ẹnìkan dábàá pé kí ilé ẹ̀kọ́ dá òfin àtijọ́ padà: akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, ì báà ṣe ní kíláàsì, ì báà ṣe ní pápá ìṣeré, yóò san owó ìtanràn. Ìdí tí a gbé kalẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wa ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, àti pé Yorùbá ni ó ń ba Gẹ̀ẹ́sì wọn jẹ́. Pàtẹ́wọ́ dún púpọ̀. Ní ìpàdé tí ń bọ̀ ni a ó dìbò lé e lórí.

Àwa lòdì sí àbá náà. A sọ ọ́ ní gbangba báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Kì í ṣe pé a kórìíra Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, òun ni a fi ka ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé tí ó sọ wá di ìránṣẹ́ Ọlọ́run, a sì mọ̀ pé ọmọ tí kò bá gba kírẹ́díìtì nínú rẹ̀ ní WAEC yóò pẹ́ kí ó tó rí ẹnu ọ̀nà yunifásítì ní ilẹ̀ yìí, bí ó ti wù kí ó mọ ìṣirò tó. Ohun tí a ń sọ ni pé òfin yìí kò ní í fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì tí a ń wá. A kò sì fẹ́ sọ ọ́ ní àpapọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àpapọ̀ ni ó kún ẹnu gbogbo wa ní ìpàdé náà. Apá kan ṣoṣo nínú gírámà Gẹ̀ẹ́sì ni a ó mú, èyí tí àwọn olùkọ́ Yorùbá ń pè ní gbólóhùn kání, gbólóhùn tí àwa ń fi "bí" tàbí "ká ní" bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi "if" bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí a fi mú un ni pé òun ni ó kọ́kọ́ dójú tì wá láyé.

Ní ọdún 1975, a wà ní fọ́ọ̀mù kẹta. Ní ayé ìgbà náà, ọmọ tí ó bá ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíráámà ni akọ̀wé gbogbo àdúgbò. Ìyá kan wà ní ojúlé kẹta sí tiwa tí ó ń ta ẹ̀kọ, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń kọ́ ìṣirò owó. Ìyá kò mọ̀wé. Àwa ni ó máa ń pè láti kọ lẹ́tà sí i, owó iṣẹ́ wa sì ni ẹ̀kọ mẹ́ta àti àdúrà gígùn. Ní ọjọ́ tí a ń wí yìí, ó jókòó sórí àpótí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Sọ fún un pé àìsàn bàbá rẹ̀ le púpọ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́run yọ wá. Bí kì í bá ṣe ti dókítà ni, à bá ti sin ín láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá."

Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé bàbá wà láàyè. Àwa fi ọgbọ́n orí wa, a tẹ bírò mọ́ ìwé, a sì kọ ọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì báyìí: "If not because of the doctor, we have buried him since last week." A tún un kà, ó dùn létí wa. A fi sí àpò ìwé, a lẹ sítáǹbù mọ́ ọn.

Ẹni tí ó wà ní òkèèrè, tí ó ń ka ìròyìn àìsàn bàbá rẹ̀, kì í dúró wo "if". Ohun tí ọkùnrin náà rí ni "we have buried him since last week". Bí ó ti yé e sí ni pé àṣìṣe dókítà ni ó pa bàbá òun, àti pé wọ́n ti sin ín láìdúró de òun tí òun jẹ́ àkọ́bí. Lọ́jọ́ kan, bí Bàbá ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ń rin orín, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ gun kẹ̀kẹ́ dé, ó sì fi wáyà lé e lọ́wọ́. Bàbá kò mọ̀wé pẹ̀lú. Ta ni a ó pè wá kà á bí kò ṣe akọ̀wé àdúgbò? Àwa ni a dúró níwájú Bàbá, tí a ka ìbéèrè ọmọ rẹ̀ sí i létí: kí ni ó pa bàbá òun, èé sì ti ṣe tí a kò fi dúró de òun kí a tó sin ín?

Bàbá wo ìyàwó rẹ̀, ó wo wá, ó ní: "Ta ni ó sin mí?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ bí i mélòó kan lẹ́yìn náà ni a tó gbọ́ pé ní ọjọ́ tí lẹ́tà wa dé Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin náà ní ìdánwò ní ọjọ́ kejì, kò sì lè jókòó ṣe é. Ó dúró di ìgbà mìíràn kí ó tó tún un ṣe. Nígbà tí ó padà wálé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó fi lẹ́tà náà hàn wá, ó ní: "Àbúrò, Yorùbá ni màmá mi sọ, Yorùbá ni èmi náà gbọ́. Kí ni o ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe láàrin wa?"

A kò rí ìdáhùn fún un. Ìdáhùn náà ni pé ní ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà náà, kọ́bọ̀ méjì ni a ń san bí a bá sọ Yorùbá, ẹni tí kò bá sì ní kọ́bọ̀ a gbé pátákó kọ́rùn yí ọgbà ká. Ohun tí ó wọ̀ wá lára láti inú òfin yẹn ni pé Yorùbá kì í ṣe ohun tí ọmọlúwàbí ń kọ sórí ìwé. A kò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí i nítorí kọ́bọ̀ méjì. Ìtìjú ni a kọ́.

Ẹni tí ó kọ́ wa ní gbólóhùn kání ni olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa, ẹni tí a ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ wà láàyè, wọn kò sì fún wa láṣẹ. A gbé ọ̀ràn wáyà náà lọ bá a, ẹ̀rù sì ń bà wá. Kò nà wá. Ó wọ kíláàsì, ó ti ilẹ̀kùn, ó ti fèrèsé tí ó kọjú sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ó sì kọ gbólóhùn Yorùbá mẹ́ta sójú pátákó, ohun tí a kò rí rí láti ìgbà tí a ti wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. "Bí dókítà bá dé, yóò wo Bàbá sàn." "Bí dókítà bá wà nítòsí ni, ì bá wo Bàbá sàn." "Bí dókítà kò bá dé ni, à bá ti sin Bàbá."

Ó tọ́ka sí ẹ̀kẹta, ó bi wá pé: "Ǹjẹ́ dókítà dé?" Gbogbo kíláàsì ní ó dé. "Ǹjẹ́ wọ́n sin Bàbá?" A ní rárá. "Kò sí 'rárá' lójú pátákó yìí. Ta ni ó sọ fún yín?" Kíláàsì dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ọmọ kan dáhùn láti ìjókòó ẹ̀yìn pé: "'À bá' ni, sà." Olùkọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sábẹ́ "à bá", ó ní ẹni tí ó mọ èyí ti mọ ìdajì Gẹ̀ẹ́sì tí òun fẹ́ kọ́ wa lọ́jọ́ náà. Ìdajì kejì ni ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń gbé ẹrù náà sí.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ṣubú. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pààrọ̀ aṣọ. "Dé" ni dé lánàá, òun náà ni dé lónìí àti lọ́la. Bí ọ̀ràn kan kò bá ṣẹlẹ̀, tí a kàn ń rò ó wò, "ì bá" tí ó wà nínú awẹ́ gbólóhùn kejì ni ó ń sọ fún wa. Awẹ́ kìn-ín-ní kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. "Bí" àti "bá" ṣì wà níbẹ̀, bóyá kí a fi "ni" kékeré kan dí i nídìí. Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń gbé ẹrù náà lé awẹ́ méjèèjì lórí. Ó ń mú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó jẹ́ ti àsìkò tí ó ti kọjá, ó sì ń lò ó fún ohun tí kò kọjá rárá. "If I had money today": "had" ni ọ̀rọ̀ àná, ṣùgbọ́n òní ni a ń wí. Olùkọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì ń gbé aṣọ àná wọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣẹ, kí ẹ baà lè mọ̀ pé ó jìnnà. Kì í ṣe pé ó jìnnà sí wa ní ọjọ́, ó jìnnà sí òtítọ́ ni. Bí ohun tí kò ṣẹ náà bá sì wà ní àná gan-an, Gẹ̀ẹ́sì á tún sún un sẹ́yìn ní ìgbésẹ̀ kan: "had" á di "had had", "came" á di "had come", "would" á sì mú "have" dání.

Nísinsìnyí, ẹ wo àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, àti lọ́wọ́ àwa àgbà pẹ̀lú, kí a má parọ́: "If I know, I would have come." Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá: "Bí mo bá mọ̀, ǹ bá ti wá." Wọ́n bá ara wọn mu rẹ́gí. Ọmọ náà kò sọ ìsọkúsọ. Ó gbé ẹrù lé awẹ́ kejì gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó sì fi ti ìṣáájú sílẹ̀ ní ìhòòhò. A gbà fún àwọn òbí tí wọ́n pàtẹ́wọ́ pé Yorùbá ni ó fa àṣìṣe yìí. Ṣùgbọ́n kí ni owó ìtanràn yóò ṣe sí i? Ọmọ náà kò sọ Yorùbá kankan. Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá ni ó wà nínú ìrònú rẹ̀, kò sì sí ọ̀gá ilé tí ó lè gbá ìrònú mú kí ó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó lè wo àṣìṣe yìí sàn ni olùkọ́ tí ó lè kọ gbólóhùn méjèèjì sójú pátákó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó ní: ẹ wò ó, ibí ni tiwa fi àmì sí, ibí àti ibí ni tiwọn fi sí.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, Yorùbá gan-an ni ó ń gba ọmọ lọ́wọ́ àṣìṣe. Àwọn kan máa ń kọ "If it will rain tomorrow". Ẹ bi ọmọ bẹ́ẹ̀ bí yóò ti sọ ọ́ nílé. Yóò ní "Bí òjò bá rọ̀ lọ́la". Kò sí "yóò" níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí "will" ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti "If I were you", tí ọ̀pọ̀ ń sọ di "If I am you", "ká ní èmi ni ìwọ" ti tó láti fi hàn án pé ìrònú lásán ni. Kí ó kàn há "were" sórí, kí ó sì máa lọ.

Àwa tilẹ̀ rò pé kò sí èdè tí ó mọ iyì gbólóhùn kání ju tiwa lọ. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "àbámọ̀" bí ó ti ń dún. À bá mọ̀. Gbólóhùn kání odindi ni, tí àwọn baba wa ká pọ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo, tí wọ́n fi ń pe ìbànújẹ́ ẹni tí ó pẹ́ jù. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ọmọ tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ yìí ti ní ohun tí a ń pè ní "third conditional" nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ó tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa, tí ó wà ní kíláàsì SS2 ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, wá bá wa nílé pé kí a ran òun lọ́wọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì. A bi í ní gbólóhùn kání. Ó kà á sí wa létí bí ẹni ń ka katikísìmù: ìkìíní, "if" àti "present", "will", ìkejì, "if" àti "past", "would", ìkẹta, ó kà á tán láìṣìnà. A fún un ní ìbéèrè onídàáhùn mẹ́rin-mẹ́rin láti inú ìwé ìdánwò àtijọ́. Ó gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ayọ̀ wa pọ̀. A wá ní kí ó kọ gbólóhùn méjì sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó sọ ìdí tí ọkọ̀ fi fi í sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó kọ ọ́ pé: "If I wake up early, I would have catch the bus."

A ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. Inú ilé wa ni a wà o, kò sí ẹni tí yóò bu owó ìtanràn fún un níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wo ẹnu ọ̀nà kí ó tó la ẹnu. Ó ní: "Ká ní mo tètè jí ni, ǹ bá ti bá ọkọ̀ náà." Kò ṣì í rárá, kò sì ronú kí ó tó sọ ọ́. A fi ìlà sábẹ́ "ǹ bá ti", a fi òmíràn sábẹ́ "ká ní", a sì bi í ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi méjèèjì pamọ́ sí. Ó wo ìwé rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó fa igi sórí "wake", ó kọ "had woken". Lẹ́yìn náà ni ó tún "catch" ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ìṣẹ́jú méjìlá ni gbogbo rẹ̀ gbà wá. Ọdún méjì ni ó ti fi há ìlànà mẹ́ta náà sórí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún wa bí a bá mú ọ̀rọ̀ dé ibi iṣẹ́ tiwa. Nígbà tí a wọ ilé ẹ̀kọ́ ìsìn, Gíríìkì ni ó gba oorun lójú wa. Oríṣi gbólóhùn kání mélòó kan ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa sì ń há wọn sórí bí ẹni ń ha orúkọ ọba Ísírẹ́lì. Ọjọ́ tí a dé Jòhánù orí 11 ni ojú wa là. Mátà sọ ọ́, Màríà náà tún un sọ, gbólóhùn kan náà ni lẹ́nu àwọn méjèèjì: pé ká ní Olúwa wà níbẹ̀ ni, arákùnrin àwọn kì bá tí kú. Nínú awẹ́ kejì gbólóhùn náà, Gíríìkì fi ọ̀rọ̀ kékeré kan sí i, "an", tí kò ní ìtumọ̀ kankan bí ó bá dá dúró. Olùkọ́ ń ṣàlàyé lọ, ṣùgbọ́n àwa ti rí i. "Ì bá" ni. Ibi tí Yorùbá gbé e sí ni Gíríìkì náà gbé e sí. Ọ̀rọ̀-ìṣe inú awẹ́ kìn-ín-ní sì wọ aṣọ àná bí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀tọ̀ ni ti olùdánwò nínú Lúùkù orí 4, ẹni tí ó ń fi "bí" bá Jésù sọ̀rọ̀ lórí jíjẹ́ Ọmọ Ọlọ́run. Kò sí "an" níbẹ̀ rárá, nítorí kò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ó kàn gbé e kalẹ̀ láti fi ṣe ìpìlẹ̀ ohun tí ó fẹ́ béèrè ni.

Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò wàásù òdì. Bí a bá ka ọ̀rọ̀ Mátà bí ẹni pé "bí o bá wà níbí, kò ní í kú" ni ó sọ, àdúrà ni yóò dà. Ṣùgbọ́n Lásárù ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú ibojì. Àbámọ̀ ni obìnrin náà ń sọ, ẹ̀sùn díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, èyí sì ni ó mú kí ìgbàgbọ́ tí ó sọ jáde lẹ́yìn rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀. Sáàmù 124 náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orí "ì bá" ni ó dúró lé: gbogbo omi tí ó wà nínú rẹ̀ ni omi tí kò gbé ẹnikẹ́ni lọ. Àwa kò gbọ́ Gíríìkì nípa gbígbàgbé Yorùbá. Kí ni yóò wá mú kí a rò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ó fi ìgbàgbé kọ́?

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ilé ẹ̀kọ́ tí a ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ yìí, ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni ni. Àwọn tí wọ́n gbé ìgbàgbọ́ àti ìwé wá fún wa kò fi ìtanràn bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1843 tí a fi Àjàyí Crowther joyè àlùfáà, ọdún náà ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ṣe jáde. Ó tún tẹ gírámà Yorùbá jáde ní 1852. Ọkùnrin náà mọ Gẹ̀ẹ́sì dé ibi tí ó fi di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé Yorùbá ba ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún un. Bí ìyẹn bá jìnnà jù, ẹ wo Modákẹ́kẹ́. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfunwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fi olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí a ti kó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin, wọn kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn yẹn lọ nínú ẹ̀kọ́ yòókù. Olùkọ́ gidi àti èdè tí ó yé ọmọ ni wọ́n lò, wọn kò lo pátákó ọrùn.

A mọ ohun tí a ó fi dá wa lóhùn. Ìyá kan tí a bọ̀wọ̀ fún gidigidi dìde ní ìpàdé náà, ó ní kì í ṣe gbogbo ọmọ inú ọgbà ni ọmọ Yorùbá, pé ọmọ Íbò wà níbẹ̀, ọmọ Ebira wà níbẹ̀, àti pé bí olùkọ́ bá ń fi Yorùbá ṣàlàyé, àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò jókòó bí àlejò. Òtítọ́ ni, a kò sì ní ìdáhùn tí ó pé sí i. Díẹ̀ tí a ní ni pé olùkọ́ tí ó bá mọ bí a ti ń bi ọmọ Yorùbá pé "báwo lo ṣe máa ń sọ èyí nílé?" lè bi ọmọ Íbò ní ìbéèrè kan náà, kí ọmọ náà sì wá dáhùn níwájú kíláàsì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé òfin tí a ń dábàá kò ran ọmọ Íbò yẹn lọ́wọ́ bákan náà; ó kàn fi í kún àwọn tí yóò máa wo ẹnu ọ̀nà ni.

Èyí tí ó ń dun àwa jù ni ti àwọn ọmọ tí wọn kò ní ọ̀kankan. Ẹ̀yin òbí, ẹ má bínú sí wa. A ń wọ inú ilé yín, a ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fi ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Bàbá ń sọ "if you will not eat, I will beat you", ìyá ń sọ "if I know, I for don cook rice", ọmọ ọdún mẹ́rin sì jókòó láàrin wọn, ó ń gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ "ì bá" rí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ "would have" tí ó tọ́. Nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò sí Yorùbá tí olùkọ́ lè fà lé lọ́wọ́. Ẹ sọ Yorùbá tí ó jinná fún un nílé, kí ẹ sì fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó jinná sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n sè.

Ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí a jẹ́ kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè kọ Yorùbá sójú pátákó láìti fèrèsé. Kí òun àti olùkọ́ Yorùbá máa jókòó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi gbólóhùn kání àti àwọn apá gírámà mìíràn tí ó le wé ara wọn. Kí a sì dín ìbéèrè onídàáhùn mẹ́rin kù, kí àwọn ọmọ máa kọ lẹ́tà gidi sí ẹni gidi, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń fara hàn. Díẹ̀ nínú àwa tí a jọ jáde ní 1977 ti fẹnu kò láti ra ìwé atúmọ̀ èdè, ti Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì, tí yóò kárí kíláàsì kan. Ní ti àwa fúnra wa, ìjọ yóò tú wa sílẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì ní ìparí ọdún yìí, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Bí ọ̀gá àgbà bá gbà fún wa, a ó máa wá ní ọ̀sán Ọjọ́rú láti bá àwọn ọmọ SS1 jókòó ti lẹ́tà kíkọ, láìgba kọ́bọ̀. Bí a bá wá pè wá láti dìbò, òdì sí owó ìtanràn náà ni a ó dì í. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá lè wá sí ìpàdé, akọ̀wé ẹgbẹ́ ń gba ìwé àṣẹ ìdìbò títí di ọjọ́ Jímọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀, ó sì sọ fún wa pé èdè tí a bá fẹ́ ni a lè fi kọ ọ́.